Kí Jẹ́jẹ́ Tó Dáhùn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Jẹ́jẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é ńkọ́? Àwa náà wà níbí, ká ṣáà máa dúpẹ́.

Aláriwo àbúrò rẹ ní òun pè ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro òun, o ò gbé e. Mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbé fóònù á gbé e. Fóònù ò kúkú wúlò fún èmi náà mọ́. Tí èèyàn bá pariwo sí mi létí, bí ẹni ń ráhùn nínú garawa ló ń rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò. Èmi á kọ ọ́, Aláriwo á fi fóònù rẹ̀ ya ìwé náà, á fi ránṣẹ́ sí ọ lójú ẹsẹ̀. Bí o bá fèsì, á lọ tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi ní lẹ́tà gàdàgbà. Torí náà, má wá sọ fún mi pé o ò rí i gbà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi. Egbò tí sálúbàtà dá sí mi lẹ́sẹ̀ ò jinná. Ìtọ̀ ṣúgà yìí ni kò jẹ́ kó jinná. Mo fi oògùn fọ̀ ọ́, mo fi báńdéèjì dì í, ńṣe ló dà bíi pé mò ń bọ́ ọ. Àtàǹpàkò ti dúdú. Dókítà ní ká gé e nísàlẹ̀ orúnkún kó má baà gòkè. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ní kí n gé etí aṣọ. Mo ní, "Dókítà, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o." Ó ní ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe orí. Kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín! Èmi tí mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì ìránṣọ kí o tó dáyé.

Mo sọ fún un pé mi ò ní fọwọ́ síwèé títí àkọ́bí mi á fi sọ̀rọ̀. Bàbá yín ò sí mọ́, òun ni ǹ bá bi. Aláriwo ti sọ tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò kúkú gbé ibì kan rí. Ó ní kí wọ́n gé e lónìí. Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí? Kọ ọ́ sí mi fúnra rẹ.

Bàbá Káfíńtà, àbúrò bàbá yín, ní kí n sọ fún ọ pé òun ń bínú. Ó ti pẹ́ tí o ti kọ̀wé sí i. Jọ̀ọ́, wá nǹkan kan kọ sí i, kó yéé wá jókòó lé aṣọ oníbàárà mi lórí láti ṣàròyé.

Màmá rẹ ni.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Bàbá Káfíńtà wa,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni. Ṣé ayùn yín ṣì mú dáadáa?

Ilé ìwòsàn ńlá kan ni wọ́n gbé wa lọ báyìí. A ń pààrọ̀ ètò tó ń gbé gbogbo kọ̀ǹpútà wọn ṣiṣẹ́, torí èyí tó wà nínú wọn ti gbó. Wọ́n pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè máa jókòó tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ń ṣe ni pé a mú ẹyọ kan, à ń pè é ní àwòkọ. A ó tún un ṣe títí kò fi ní sí àléébù kankan lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó da gbogbo inú rẹ̀ kọ bó ṣe wà, láì yọ nǹkan kan, a ó sì gba ojú wáyà fi ẹ̀dà yẹn ránṣẹ́ sí gbogbo ìyókù. Bó bá ti dé inú wọn, á pa ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́, gbogbo wọn á wá rí bákan náà. Iṣẹ́ náà ò le. Yàrá tí mo ń jókòó sí ò ní fèrèsé, ṣùgbọ́n ó mọ́.

Ara mi le. Mò ń jẹun. Ọjọ́ ń lọ. Kò sí ohun tuntun. Gbogbo nǹkan á dára.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín.

Èmi ni, Jẹ́jẹ́.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Jẹ́jẹ́,

Ta ni ìyàwó mi?

Aláriwo tẹ lẹ́tà rẹ jáde, ó gbé e fún mi. Mo nu gíláàsì mi, mo ní ó dáa, ọmọ mi ti fèsì. Àfi bí mo ṣe rí i tí o ń bi mí bóyá ayùn mi ṣì mú. Mo kọ́kọ́ rò pé ti ẹlòmíì ni Aláriwo gbé fún mi. Ó búra. Ó ní èyí tó wá sí mi gan-an nìyẹn. Ó lọ mú tirẹ̀ wá. Bàbá Káfíńtà náà sáré mú tirẹ̀ wá. A tẹ́ wọn sórí tábìlì tí mo fi ń géṣọ: ọ̀rọ̀ kan náà látòkè délẹ̀. Yàrá tí kò ní fèrèsé wà nínú gbogbo rẹ̀. "Kò sí ohun tuntun" wà nínú gbogbo rẹ̀. Ti Aláriwo, o rántí yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n o ní kí òun náà bá ọ kí ìyàwó rẹ̀. Bàbá Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Ó ní ó kéré tán, tòun bá òun mu. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò níí purọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tún un kà, ẹ̀rín ò wá mọ́.

Jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi ni mo bi ọ́. Ẹsẹ̀ ò sí nínú lẹ́tà yẹn rárá. Ìwọ tí o wà nílé ìwòsàn láàárọ̀ dalẹ́!

Mo mọ ohun tó dì ọ́ lẹ́nu. Ṣé kí n sọ ọ́? Nígbà tí ikùn bàbá yín wú, tí wọ́n ní àwọn máa ṣí i, ìwọ la pè. O ní ká jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Wọ́n ṣe é, kò jí. Àtìgbà yẹn lo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kà á látinú ìwé. Nígbà tí a túfọ̀ rẹ̀ fún ọ, o ò ké, o ò bèèrè nǹkan kan. O ní "ó dáa". Àbí o rò pé mo ti gbàgbé? Gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kọ́ ló pa á. Àìsàn ló pa á. Mi ò fẹ̀sùn rẹ̀ kàn ọ́ rí, lójú oorun pàápàá.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá jáde rárá, inú ẹni ló ń rà sí. Kì í ṣe àṣẹ ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. Fèsì.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, ẹ forí jì mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju pé mo kọ lẹ́tà kan, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní màá yí orúkọ padà. Ti Bàbá Káfíńtà ni mo kọ́kọ́ kọ. Nídìí iṣẹ́ wa, ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹni tuntun nìyẹn: kí o tó da àwòkọ kọ, pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kó o yọ gbogbo ohun tó jẹ́ ti ẹni tó lò ó kúrò. Bí o bá gbàgbé, orúkọ kan náà ni gbogbo ìyókù á máa jẹ́, wọ́n á wá máa bára wọn jà lójú wáyà. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi gan-an ni mo máa ń kọ́ wọn.

Ní ti ẹsẹ̀ yín, ẹ ṣe ohun tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ ṣe. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn.

Èyí tẹ́ ẹ sọ nípa Bàbá, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí i. Òótọ́ ni pé mi ò sunkún. Mo dúró dè é, kò wá. Mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Tí mo bá ń jẹun, mo máa ń mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wù mí nínú méjèèjì. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń bá wa fa wáyà sọ pé èmi ló rọrùn jù láti bá ṣiṣẹ́, ó ní inú kì í bí mi. Mi ò sọ fún un pé kì í ṣe sùúrù.

Ẹ máa tọ́jú ara yín.

Jẹ́jẹ́ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta

Jẹ́jẹ́,

"Ẹ ṣe ohun tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ ṣe." Dókítà ti sọ tirẹ̀ fún mi lójúkojú, mi ò rán ọ pé kí o tún un sọ. Tìrẹ ni mò ń bèèrè. Kí wọ́n gé e, àbí kí wọ́n má gé e? Ṣé èyí náà le ni?

Èmi ìyá rẹ ṣì jókòó.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mi ò ní kí yín púpọ̀, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń rùn. Dúdú yẹn ti kúrò lọ́mọ ìka, ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà ní bó bá fi lè kọjá orúnkún, ọ̀rọ̀ á bẹ́yìn yọ, kì í tún ṣe ẹsẹ̀ nìkan la ó máa sọ mọ́. Wọ́n ti dá Màmá dúró sílé ìwòsàn. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá gbé ìwé dé, á ní, "Ẹ jẹ́ kí àkọ́bí mi fèsì ná." Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń bi mí pé ta ni àkọ́bí yìí, ṣé ọba ni?

Mo lè tẹ̀ ẹ́ fúnra mi o. Mo lè kọ ọ́ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e," kí n fi orúkọ yín sí ìsàlẹ̀, kí n tẹ̀ ẹ́ jáde gàdàgbà. Mo tiẹ̀ ti kọ ọ́. Mo kà á, mo pa á rẹ́. Ohùn yín ò sí níbẹ̀, ariwo tèmi ló kún ibẹ̀. Kí Màmá tó wọ gíláàsì rẹ̀ ló máa ti mọ̀.

Ṣé ẹ ń ka èyí, àbí ẹ máa fi sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fi ìpè mi sílẹ̀? Mi ò bínú mọ́, ó ti rẹ̀ mí ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò ní. Ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́.

Aláriwo.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ gbólóhùn yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Nígbà tí lẹ́tà yín dé, èyí tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ Bàbá, mo ṣí ìwé kan sójú kọ̀ǹpútà àwòkọ, torí òun ló wà níwájú mi. Tí àwọn yòókù bá ti jáde lọ jẹun, màá máa kọ̀wé sí yín níbẹ̀. Màá kọ "Màmá mi," màá dúró. Ọjọ́ míì wà tí mi ò ní kọ ju ìyẹn lọ. Nígbà tó yá, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Màmá mi, ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní kí wọ́n ṣí ikùn Bàbá, Bàbá ò jí. Mi ò fẹ́ sọ ohunkóhun mọ́ láyé mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wà." Mi ò lè fi ránṣẹ́. Lẹ́tà tí ẹ rí gbà, tí mo ti ní kẹ́ ẹ ṣe ohun tí dókítà wí, ibòmíì ni mo ti kọ ìyẹn, kò gba àkókò kankan.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ tí lẹ́tà Aláriwo dé, ọ̀gá wa ní ká da àwòkọ kọ ká fi ránṣẹ́. Mo ti ka lẹ́tà náà tán. Mo pa orúkọ àwòkọ rẹ́. Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò bí a ṣe ń ṣe. Ìwé tí mo kọ sí yín wà lójú rẹ̀ gbàgàdà, mi ò rí i, ojú mi ti mọ́ ọn. Ó bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n dé láàárọ̀ òní, ó wà lójú gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn yẹn. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, ó wà níbi ìgbẹ̀bí, ó wà níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn, ó wà níwájú àwọn nọ́ọ̀sì ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó lè kà á. Àwọn kan rò pé olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wọlé. Fóònù ọ̀gá ò sinmi.

Ó ránṣẹ́ pè mí. Dókítà méjì wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, ó ní, "Ta ló kọ eléyìí? Kí ló ń sọ?" Mo ní èmi ni. Ó ní kí n kà á, kí n túmọ̀ rẹ̀. Màmá, mo kà á. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn látòkè délẹ̀, ohùn mi ò gbọ̀n, bí ẹni ń ka ohun tí a ṣe níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo parí, ọ̀kan nínú àwọn dókítà yẹn bi mí pé, "Ṣé ìyá rẹ ti rí i?" Mo ní rárá. Ó ní, "Gbogbo wa la ti rí i àfi òun nìkan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀gá ní kí n lọ tún àwòkọ ṣe, àwọn á pè mí lọ́la lórí ọ̀rọ̀ náà. Bóyá wọ́n á lé mi, mi ò mọ̀, kò tiẹ̀ ṣe mí bákan. Mo ti tún un ṣe. Ẹ̀dà tuntun ti ń lọ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ń pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lójú wọn. Èyí tí mo kọ sókè yìí nìkan ló máa ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e, Màmá. Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Jẹ́jẹ́.


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ṣé ẹ rí lẹ́tà mi? Mo pe Aláriwo láàárọ̀, kò gbé e. Mo tún pè é lọ́sàn-án, kò gbé e. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí.

Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí ẹlòmíì máa yẹ iṣẹ́ mi wò kó tó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan fèsì.

Jẹ́jẹ́.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Jẹ́jẹ́ mi,

Mo wà láyé. Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ balẹ̀. Orí ìdùbúlẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́, fara da ìkọ̀wé mi. Má sì bínú sí àbúrò rẹ pé kò gbé fóònù, èmi ni mo ní kó má gbé e. Mo ní ohun tó wà nílẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí ọ. Ẹkún ló fi gbà fún mi. Ìwọ náà mọ̀ pé kì í lè pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ kejì tí o kọ̀wé ló gbé lẹ́tà rẹ dé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń sáré bọ̀, gbogbo wọ́ọ̀dù ló gbọ́ ọ, nọ́ọ̀sì ní kó rọra. Mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé o ti sọ̀rọ̀. Ó ti ká ìwé náà. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dì í mú, mi ò ṣí i.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ronú, èmi àgbà òfìfo yìí. Mo ní: tí mo bá ka èyí, tó jẹ́ pé "ẹ gé e" ló wà níbẹ̀, tí mo bá wọlé lọ tí mi ò jáde, kí ni ọmọ yìí máa fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe? Ti bàbá rẹ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀. Àṣé mo ti ń fipá fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ látọjọ́ yìí, tèmi nìkan ni mò ń rò. Mo dá ìwé náà padà fún Aláriwo ní kíká. Mo ní, "Má kà á fún mi. Bí mo bá jáde, mú un wá. Bí mi ò bá jáde, ya á, kí o sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé lẹ́tà rẹ̀ ò bá mi." Mo pe nọ́ọ̀sì, mo ní kó gbé ìwé tiwọn wá. Mo fọwọ́ sí i. Lásìkò tí mò ń fọwọ́ sí i, mi ò mọ ohun tí o wí. Ọlọ́run gbọ́.

Nítorí náà, ìwọ kọ́ lo ní kí wọ́n gé e. Èmi ni.

Wọ́n gé e, mo jí. Ó ń ro mí gan-an. Ọmọ ìka tí wọ́n ti gbé lọ ló tún ń yún mi, mo nawọ́ láti họ ọ́, mo bá afẹ́fẹ́. Bàbá Káfíńtà ń kan ọ̀pá tí n ó fi máa rìn, ó ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, mo gba lẹ́tà rẹ, mo kà á. Mo rí ibi tí o ti ní o fẹ́ kí n wà. Àwọn tí kò gbọ́ èdè wa ló kọ́kọ́ rí i, ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò jowú. Mo sunkún tèmi, mo fi tìrẹ kún un.

Má ronú mọ́. Kọ̀wé.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu o.

Mo ka lẹ́tà yín níbi iṣẹ́, mo tún un kà nínú ọkọ̀. Mo rò pé màá sunkún, kò tíì wá. Mo kàn jókòó títí ọkọ̀ fi gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀, mo wá fẹsẹ̀ rìn padà. Bí mo ṣe ń rìn bọ̀, mo ń fojú inú wò yín lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo fẹ́ rí bí aṣọ ìbora ṣe máa tẹ́jú níbi tí kò sí nǹkan kan mọ́ lábẹ́ rẹ̀. Mi ò rí i. Ohun kan wà tí mi ò mọ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ṣí gbogbo lẹ́tà yín láti oṣù kejì, mo wá a níbẹ̀. Ẹ ò sọ ọ́. Aláriwo náà ò sọ ọ́. Èmi náà ò sì bèèrè.

Màmá, ẹsẹ̀ wo ni? Ọ̀tún ni, àbí òsì?